Ibòji Tí Atẹ́gùn Kò Ní Gbé Lọ: Àtíbàbà, Àgọ́ àti Kánópì

Ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò tíì rí aburú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibòji ni, èyí tí a ń ta sórí pápá gbalasa kí oòrùn má baà pa wá. Báwo ni a ṣe lè yàn án, báwo sì ni a ṣe lè so ó mọ́lẹ̀ tí atẹ́gùn kò fi ní gbé e lé wa lórí?

Ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, láti Màsífà dé Ìwátà, títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni a wà, ó ṣòro kí a ṣe ìnáwó tàbí ìpàdé ìta gbangba kí a má ta ibòji. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí i kí ayẹyẹ máa lọ geere, kí onílù máa lù, kí atẹ́gùn kan sì dé lójijì, kí kánópì gbéra nílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Àwọn ọkùnrin a sáré dì í mú. Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà, nítorí irin tí atẹ́gùn gbé sókè kò ní ṣàì padà wá sílẹ̀, kò sì mọ orí àlejò yàtọ̀ sí orí onílé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ wa sọ́tọ̀. Àtíbàbà ni ibòji tí a ri òpó igi mọ́lẹ̀ fún, tí a to igi lé lórí ní ìbú àti ní òòró, tí a sì tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ sí. Àgọ́ ni èyí tí a fi aṣọ tàbí awọ ṣe, tí ó ní ẹ̀gbẹ́, tí ènìyàn lè sùn sínú rẹ̀. Kánópì ni àlejò tí ó dé kẹ́yìn: ẹsẹ̀ irin ni, aṣọ tí omi kì í gbà kọjá ni a sì fi bo orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni atẹ́gùn kò jẹ́ ọ̀kan. Yorùbá a máa sọ pé atẹ́gùn ń fẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ pé ìjì ń fẹ́. Wọn a ní ìjì ń jà. Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Oríṣi atẹ́gùn mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹni tí yóò ta ibòji ní agbègbè yìí mọ̀. Èkínní ni atẹ́gùn òjò tí ń ti orí òkun bọ̀, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Èyí tutù, ó sì máa ń rọra. Èkejì ni ọyẹ́, tí ń ti àríwá ìlà oòrùn wá láàrin oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Ọyẹ́ a máa kó eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, pàápàá láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí eruku ti ń dìde ju ibi gbogbo lọ láyé. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ kò kan Èjìgbò, kí ó fi ìka nu orí tábìlì rẹ̀ wò ní oṣù kìíní.

Ẹ̀kẹta ni ìjì, òun sì ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni àkókò rẹ̀, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Ó sì tún ń padà wá nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Láti ìlà oòrùn ni ó máa ń wá, tí yóò sì kọjá sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì wọ́pọ̀ ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Atẹ́gùn rẹ̀ ni ó ń ṣíwájú, òjò ń tẹ̀ lé e. Ẹ sì kíyè sí i pé ọdún Àjíǹde kì í ṣíwájú ọjọ́ 22 oṣù kẹta, kì í sì í kọjá ọjọ́ 25 oṣù kẹrin. Nígbà tí a fẹ́ràn láti kó àlejò jọ ni ìjì náà ń rìn.

Báwo ni agbára atẹ́gùn ti pọ̀ tó? Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá wa dá sí i. Bí atẹ́gùn bá yára ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára rẹ̀ yóò fi pọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí a mú kánópì kékeré kan, mítà 3 ní òòró, mítà 3 ní ìbú. Bí atẹ́gùn tí ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan bá kọlu òrùlé náà tààrà, agbára rẹ̀ yóò tó ìwọ̀n ẹrù kílógíráàmù 56. Bí eré rẹ̀ bá di kìlómítà 72, ìwọ̀n náà yóò fò sókè sí kílógíráàmù 225. Ẹ pín in sí ẹsẹ̀ mẹ́rin: ó lé ní 56 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 kò wúwo ju kílógíráàmù 25 àti díẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó so kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo mọ́ ẹsẹ̀ kánópì kọ̀ọ̀kan, tí ó sì lọ jókòó ti ìrẹsì rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ni ó fi balẹ̀. Kánópì kò tíì balẹ̀.

Ìṣirò yìí ni ó jẹ́ kí a mọyì ọgbọ́n àtíbàbà. Bí a bá wo imọ̀ ọ̀pẹ, ewé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àlàfo sì wà láàrin wọn. Oòrùn kò rí àyè wọlé tán, ṣùgbọ́n atẹ́gùn rí àyè kọjá. Àgbẹ̀ tí ó ń ta imọ̀ lé ọmọ kòkó lórí mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Aṣọ kánópì ní tirẹ̀ dí pátápátá. Atẹ́gùn tí ó bá wọ abẹ́ rẹ̀ kò rí ibi gbà jáde, gbígbé ni ó kù tí yóò gbé e. Àwọn ọmọ Èjìgbò tí wọ́n ti gbé ní Àbíjáǹ yóò rántí ibòji ewé tí wọ́n ń pè ní apatam nínú èdè Faransé ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ọmọ ìyá àtíbàbà ni.

Àwọn ará aṣálẹ̀ náà gba ọ̀nà kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní ọ̀pẹ tó bí tiwa. Irun ewúrẹ́ ni àwọn Lárúbáwá darandaran fi ń hun àgọ́ dúdú wọn. Ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ń jẹ́ kí ooru jáde, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, òwú rẹ̀ a wú, a sì dí ihò náà. Àgọ́ náà kì í ga, okùn rẹ̀ a máa gùn, ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń kọ sí atẹ́gùn. Ní ilẹ̀ Niger àti Mali, awọ ẹran ni ọ̀pọ̀ Túárẹ́gì ń rán pọ̀ ṣe àgọ́, ó sì máa ń rẹlẹ̀ bákan náà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ibòji gogoro sí aṣálẹ̀, nítorí ohun tí ó ga ni atẹ́gùn ń kọ́kọ́ rí.

Nítorí náà, ní ti yíyàn, ohun mẹ́ta ni kí a wò. Kí ibòji náà rẹlẹ̀ níwọ̀n tí a fi lè dúró lábẹ́ rẹ̀. Kí ó jẹ́ ohun tí atẹ́gùn lè gbà kọjá: imọ̀ ọ̀pẹ, tàbí aṣọ àwọ̀n tí ó nípọn, bí ó bá jẹ́ oòrùn nìkan ni a ń sá fún. Bí ó bá sì di dandan kí a lo èyí tí omi kì í gbà kọjá, kí a yan kékeré púpọ̀ dípò ńlá kan, kí a má sì fi aṣọ dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí a ó ta á sí ló kàn. Kí a má ṣe ta á sábẹ́ igi tí ó ti gbó, nítorí ẹ̀ka rẹ̀ lè já lulẹ̀. Kí a má ṣe ta á sí ojú àgbàrá, bí ó tilẹ̀ gbẹ. Ní aṣálẹ̀ pàápàá, omi a máa ya wọ odò gbígbẹ lójijì. Ìṣòro kan wá wà níhìn-ín. Ìlà oòrùn ni ìjì ti ń wá, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán ti yí sí ìwọ̀. Bí a bá fi aṣọ dí ìwọ̀ nítorí oòrùn, tí a sì ṣí ìlà sílẹ̀, àpò ni a dá fún ìjì. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a jẹ́ kí òrùlé rẹlẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn, kí ó ga díẹ̀ ní ìhà ìwọ̀, kí a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ tí kò dí pa oòrùn ìrọ̀lẹ́.

Ní ti síso mọ́lẹ̀, èèkàn àti okùn ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ní ilẹ̀ yangí, igi èèkàn a máa ṣẹ́. Ọ̀pá irin ni kí a gbá wọlé. Kí orí èèkàn dà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ibòji, kí a sì so okùn mọ́ ọn níbi tí ó ti kan ilẹ̀, nítorí okùn tí a so sókè orí èèkàn ni ó ń fà á tu. Kí okùn jìnnà sí ẹsẹ̀ ibòji tó bí ibòji náà ti ga tó. Ní ilẹ̀ iyanrìn, èèkàn kò rí nǹkan dì mú. Níbẹ̀, kí a gbẹ́ kòtò, kí a so okùn mọ́ àárín ìtì igi tàbí àpò tí a rọ iyanrìn kún, kí a tẹ́ ẹ ní ìbú sínú kòtò náà, kí a sì kún ilẹ̀ lé e, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kí a má gbàgbé okùn fúnra rẹ̀: okùn náílọ́ọ̀nù a máa nà bí ó bá tutù, okùn òwú a sì máa sún kì. Okùn tí a so láàárọ̀, ó yẹ kí a tún un wò ní ọ̀sán.

Kí a tún ṣọ́ra fún iná. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1997, iná sọ ní Mínà, nítòsí Mẹ́kà, láàrin àgọ́ àwọn alálàájì. Atẹ́gùn líle gbé e láti àgọ́ dé àgọ́. Nǹkan bí 70,000 àgọ́ jóná, ènìyàn tí ó ju 340 lọ sì kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ilẹ̀ Saudi Arabia fi àgọ́ tí iná kì í ràn rọ́pò àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé àdògán tàbí sítóófù gáàsì sábẹ́ kánópì ọ̀rá, kí ó rántí Mínà.

Níkẹyìn, èèkàn kan kò sí tí ó lè borí gbogbo ìjì. Bí ẹ bá ń kó akẹ́kọ̀ọ́ jáde, tàbí ẹ ń ṣe ìnáwó, ẹ yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wo ìlà oòrùn lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nígbà tí ó bá rí i tí ojú ọ̀run ṣú níbẹ̀, kí ó pariwo. Kí àwọn ènìyàn wọ ilé, kí a sì tú aṣọ kánópì sílẹ̀ kí atẹ́gùn tó dé. Bí ó bá sì ti gbéra, ẹ má ṣe dì í mú. Ẹ jẹ́ kí ó lọ. A lè san owó kánópì, a kò lè san owó ẹ̀mí.

Àwọn àgbà ní ìjì kì í jà kí ó da omi inú àgbọn nù. Ẹ wo igi àgbọn náà dáadáa nígbà tí ìjì bá ń jà: ewé rẹ̀ là, orí rẹ̀ ń tẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú. Ẹ lọ ta ibòji yín bẹ́ẹ̀.