Oko Koríko Tó Ti Gbó àti Bí Okun Rẹ̀ Ṣe Lè Padà

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé àti ọjà ti gba gbogbo ilẹ̀ láti Kẹ́tu dé Ìkòsí àti Mile 12, oúnjẹ àgbò àti ewúrẹ́ tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ fún títà, pàápàá nígbà tí Iléyá bá ń sún mọ́lé, ní láti ti ibòmíràn wá. Ewé ẹ̀wà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ láti Òkè Ọya wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀dàn Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ọ̀yọ́, tí ó sún mọ́ Èkó jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè pèsè koríko gbígbẹ, èyí tí í ṣe koríko tí wọ́n gé ní tútù, tí wọ́n sá títí omi inú rẹ̀ kò fi ju nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 lọ, kí ó má baà bu nínú àká. Yunifásítì ètò ọ̀gbìn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1988 ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí koríko àti ilẹ̀ ìjẹko, nítorí náà ìmọ̀ iṣẹ́ yìí kò jìnnà.

Ohun tí ó ń sọ oko koríko di ahẹrẹpẹ ni pé ẹran tí ó ń jẹko máa ń yàgbẹ́ sórí ilẹ̀ tí ó jẹ, ṣùgbọ́n koríko tí wọ́n gé tí wọ́n sì kó lọ kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan koríko gbígbẹ lè kó nǹkan bí kílò 10 sí 20 náítírójìn, ìyẹn èròjà tí ń mú ewé tutù, kúrò nínú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àpò ajílẹ̀ NPK 15-15-15 oníkílò 50 kò ní ju kílò 7.5 náítírójìn lọ. Àgbẹ̀ tí ó ń gé koríko lọ́dọọdún láìdá nǹkan padà, ilẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ó ń tà díẹ̀díẹ̀.

Bí koríko rere bá ṣì pọ̀ ju ìdajì lọ lórí ilẹ̀, kò yẹ kí àgbẹ̀ sáré tú oko náà, nítorí pé gbòǹgbò àtijọ́ ni ó di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má gbá a lọ. Kí ó kọ́kọ́ hú èpò tí wọ́n ń pè ní igbó Akíntọ́lá tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ó sì gbógun ti èkan, tí ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ máa ń hù padà bí wọ́n bá gé e sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀, kí ó fi ìdí koríko Gíníà tí ó ti pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dí àlàfo, kí ó sì fọ́n irúgbìn ewéko tí wọ́n ń pè ní sítáílò sáàárín wọn, nítorí pé sítáílò, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wà àti ẹ̀pà, ní àwọn kòkòrò àìfojúrí nínú kókó ara gbòǹgbò rẹ̀ tí ń gba náítírójìn inú afẹ́fẹ́ sínú ilẹ̀.

Ìtọ́jú kò sì parí síbẹ̀. Koríko Gíníà tí ó bá ti yọ òdòdó, tí igi rẹ̀ sì ti le, kò fi bẹ́ẹ̀ lóúnjẹ nínú mọ́, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n máa gé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kọ̀ọ̀kan lásìkò òjò, kí wọ́n sì fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ nídìí rẹ̀, níbi tí ó ti ń rí agbára hù padà. Èyí tí wọ́n bá gé láàárín òjò dára fún fífún ẹran ní tútù, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ sá kí ó gbẹ yẹ kí ó bọ́ sí ìparí òjò, nígbà tí oòrùn ń ràn dáadáa, kí wọ́n sì lànà yí oko ká kí iná ọ̀gbẹlẹ̀ má baà wọ̀ ọ́.

Ohun tí ó kù ni ìgbẹ́ ẹran. Èyí tí ó ń di ẹ̀gbin ní àyíká ọjà ẹran Kòṣọ̀fẹ́ ni èròjà tí oko tí koríko ti wá ń wá, bí wọ́n bá sì kó o jọ kí ó rà, kí ooru rẹ̀ pa irúgbìn èpò, ọkọ̀ tí ó já ẹrù, tí ń padà lọ lófo, lè gbé e lọ. Kí àwọn tí ń ra koríko àti àwọn tí ń tà á ṣètò èyí pọ̀, nítorí pé ẹran Èkó kò ní rí koríko jẹ fún ìgbà pípẹ́ lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bọ́.