Jàǹbá ibi iṣẹ́: kí wọ́n tètè kọ ọ́ sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ibà, kì í ṣe ti àjẹsára. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, ṣùgbọ́n ìlera wà nínú ẹ̀, owó náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kajú. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ mọ kajú dáadáa. Èèpo ẹ̀ ní òróró kan nínú tó ń jó ara bí iná. Lọ́jọ́ kan, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, òróró yìí dà sí i lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi epo pupa ra irú ọgbẹ́ yẹn o. Ọ̀gá fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún fràńkì, ó ní kó lọ sinmi, kí àwọn parí ẹ̀ láàárín ara àwọn. Ìyá dúpẹ́, ó lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù méjì, awọ ọwọ́ náà ti sún kì, ìka méjì ò ṣe é nà mọ́. Ó padà lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ní: "Ta ló rí i pé níbí ló ti ṣẹlẹ̀? Àbí epo àkàrà ló jó ẹ nílé?" Ìyá ò ní ìwé kankan tó lè nà sí i.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ wà fún un. Nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wà lábẹ́ CNSS, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní la Caisse. Bí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, CNSS ló ń san owó ìtọ́jú. Ní àwọn ọjọ́ tí kò lè ṣiṣẹ́, wọ́n ń fún un ní ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ojúmọ́ ẹ̀. Bí àbùkù bá kù sí i lára, owó wà fún ìyẹn náà. Owó ìdáàbòbò jàǹbá yìí, ọ̀gá nìkan ló ń san án. Wọn kì í yọ fràńkì kan fún un nínú owó òṣìṣẹ́. Torí náà, ẹni tó bá lọ béèrè ò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Òfin fún ọ̀gá ní wákàtí 48 láti fi jàǹbá náà tó CNSS létí. Bí ọ̀gá bá kọ̀, tàbí tó gbàgbé, ẹni tó fara pa tàbí àwọn ará ilé ẹ̀ lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fúnra wọn, títí ọdún 2 yóò fi pé. Jàǹbá ojú ọ̀nà náà wà níbẹ̀: ọmọ yín tó ń ti ilé lọ síbi iṣẹ́ tààrà, tí zémidjan gbé e ṣubú, jàǹbá iṣẹ́ ni wọ́n ń kà á sí. Ṣùgbọ́n bó bá ti yà síbi ìkómọ kó tó ṣubú, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Wàyí o, níbi iṣẹ́ gan-an, báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀? Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bá sọ fún, ìbáà ṣe olórí iṣẹ́, ìbáà ṣe akọ̀wé, ìwé ni kó kọ́kọ́ mú. Kì í ṣe òun ló máa dájọ́. Bóyá òṣìṣẹ́ ò fara balẹ̀, bóyá kò wọ ìbọ̀wọ́, ìyẹn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán ni kí àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Níbi iṣẹ́, Ìyá Ìbejì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Rosine ni. Èyí tó wà nínú káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ tún yàtọ̀. Bí ọ̀gá bá kọ Ìyá Ìbejì, tí dókítà kọ Rosine, èèyàn mẹ́ta ni CNSS máa rí, kò sì ní mọ èwo ni kó san owó fún. Orúkọ inú káàdì ni kí wọ́n kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà, pẹ̀lú nọ́ńbà CNSS ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ àti aago, torí aago ló ń fi hàn pé ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń ṣe lọ́wọ́: "ó fara pa" ò tó, "ó ń da èèpo kajú, igbá yẹ̀, òróró dà sí i" ló dáa. Ibi tó ti fara pa lára: ọwọ́ wo, ọ̀tún ni àbí òsì, àtẹ́lẹwọ́ ni àbí ìka? Ìka tí wọn ò kọ lónìí, tó bá ká kò lọ́la, wọ́n lè ní kì í ṣe ara jàǹbá yẹn. Kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn tó ṣojú wọn.

Lọ́jọ́ kan náà, ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ eléwé ọmọ. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i ná, kó kọ ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní certificat médical initial. Eléwé ọmọ ò lè kọ ìyẹn fún yín.

Tí ìwé bá dé CNSS, ẹ gba ẹ̀dà tiyín tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lù. Ẹ wo bóyá nọ́ńbà wà lórí ẹ̀. Ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ láìgba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ dà bí ẹni tó ta ọjà àwìn tí kò kọ ọ́ síbì kan. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kó mú ọmọ tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì dání kó kà á sí i létí kó tó tẹ̀ka.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé oúnjẹ l'Ájàṣẹ́ tàbí ní Kétu, tí ẹ gba ọmọbìnrin méjì mẹ́ta síṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún, ẹ̀yin náà lọ̀gá tí òfin ń bá wí o. Ẹ forúkọ wọn sílẹ̀ ní CNSS kí omi gbígbóná tó dà sí ẹnì kan lára. Ẹ ra ìwé àjákọ kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ jàǹbá nìkan.

Ẹni tí ọ̀gá bá lé padà, kó lọ sọ́dọ̀ inspecteur du travail. Nígbà tí ọgbẹ́ bá sì san tán, dókítà tún gbọ́dọ̀ kọ ìwé kejì, tó máa sọ bóyá ara ti padà bọ̀ sípò tàbí àbùkù kù síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé ìwé kejì yìí torí pé ìrora ti lọ, bẹ́ẹ̀ òun ni CNSS ń wò kó tó san owó àbùkù.