Ọmọ Èkìtì tó ń ta ṣẹ́lò: Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́ ní orin aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ẹrú orin òyìnbó

Ká ní ẹnì kan gbé ṣẹ́lò jókòó l'Ajégúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12, àwọn tó ń dúró de dánfó á máa bi ara wọn pé, "Àbí gòjé ló dàgbà báyìí?" Wọn ò jayò pa. Okùn mẹ́rin ló ní, àárín ẹsẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á wá máa fi ọ̀pá fà á bíi gòjé. Nǹkan ọ̀hún lọmọ Yorùbá kan fi dolókìkí.

Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́ lorúkọ ẹ̀. London ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1972, àmọ́ ọmọ Ayégbajú-Èkìtì ni bàbá ẹ̀, Emmanuel Táíwò Jẹ́gẹ́dẹ́, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére. Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni Túndé tó ti gba Gambia lọ, tó lọ kọ́ kora lọ́dọ̀ Alàgbà Amadu Bansang Jobarteh. Ẹni tí ò bá mọ kora, igbá ńlá tí wọ́n fi awọ bò ni, okùn 21 ló wà lára ẹ̀. Bí arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ làwọn ìdílé tó ń ta á rí: ìtàn ọba wà lẹ́nu wọn.

Bó ṣe ń kọ́ kora ló ń kọ́ ṣẹ́lò. Ilé ẹ̀kọ́ orin Purcell àti Guildhall ní London ló lọ.

Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí o. Orin Bach àti Beethoven lòyìnbó ń pè ní kílásíkà. Wọ́n á ní ti kora, orin ìbílẹ̀ lásán ni. Túndé ò gbà. Orin tó ti pẹ́ láàfin, tí ọmọ ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá, kí ló fi kéré? Ó kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1994, ó sì dá African Classical Music Ensemble sílẹ̀. Àwọn London Sinfonietta náà ti lu orin tó kọ.

Kò dá a jẹ o. Ọwọ́ ẹ̀ ni àbúrò ẹ̀, Sona Jobarteh, ọmọ-ọmọ Alàgbà Amadu, ti kọ́kọ́ kọ́ kora. Iṣẹ́ ọkùnrin ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ Sona ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí ẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé pe ọmọ ẹ̀. Túndé wá sí Èkó, ó di olùdarí ètò orin ní MUSON, l'Oníkan, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa lórin láti 1989. Ohun tó gbé wá fún wọn ò ju èyí lọ: ẹ ta ṣẹ́lò dáadáa, àmọ́ ẹ má ju tilé nù. Odò tó bá gbàgbé orísun ẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.