Ẹ yẹ èékánná yín wò dáadáa o, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ti ń tán lára yín!

Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń bá àwọn obìnrin lẹ èékánná ládùúgbò wa ni o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí òkè ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ìbá ṣì wà, níbi tó ti ń gbààwẹ̀, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun mú àwọn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ òun mu lójú oorun. Ọ̀rọ̀ àwàdà kọ́. Odidi oṣù mẹ́jọ lobìnrin náà fi ń rìn bíi ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n kó tóó gun àtẹ̀gùn náà tán, yóò dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì, àyà rẹ̀ yóò sì máa lù kì-kì-kì. Bó bá dé ibi iṣẹ́, oorun ni. Yìnyín inú fìríìjì ló wá ń rún lẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́ bíi ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Gbogbo wa la fi ìyẹn ṣe ẹ̀fẹ̀, a ò mọ̀ pé àìsàn ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé kan, ó lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó ń lẹ èékánná yìí pé kó yọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun, kó lẹ tuntun, torí wọ́n ní ìnáwó lọ́jọ́ kejì. Bí ọmọ náà ṣe yọ ọ́ tán, ó di ọwọ́ náà mú, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí, kí ló ṣe èékánná yín tó tẹ̀ wọnú báyìí? Ó dà bíi ṣíbí." Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jẹ́ kí àwọn ṣe ohun tí àwọn fẹ́ ṣe, ilẹ̀ ti ń ṣú. Lọmọ náà bá ki ìka bọ omi, ó kán an sórí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀. Omi náà kò ṣàn lọ, ó dúró digbí sójú kan bíi pé inú àwo ni wọ́n bù ú sí. Ọmọ náà ní ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́ òun, pé bí òun bá rí irú ẹ̀, kí òun sọ fún onítọ̀hún pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó kọ̀, kò lẹ èékánná fún un lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ owó ló sì ń wá o.

Inú bí ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ẹ̀rù bà á. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó gba ọsibítù lọ. PCV rẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣe pọ̀ tó, kò ju 19 lọ. Bẹ́ẹ̀, ti obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí kò sì lóyún, kò yẹ kó wá sílẹ̀ ju nǹkan bíi 36 lọ. Dókítà béèrè bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń rí. Ó ní ọjọ́ mẹ́jọ ló ń lò, àti pé ó ń dà gan-an, ó ní bó ṣe ń ṣe òun láti bí ọdún méjì sẹ́yìn nìyẹn, òun rò pé bó ṣe ń ṣe gbogbo obìnrin ni. Wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, ìjù ni wọ́n bá níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fáíbírọ́ìdì. Àṣé lóòótọ́ lẹ̀jẹ̀ ń lọ, kì í kàn ṣe àjẹ́ ló ń fà á mu.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń yọjú wo èékánná àwọn èèyàn nínú mọ́tò, títí dé ọwọ́ kọ̀ńdọ́ nígbà tó bá ń gba owó. Mo tún ka ohun táwọn dókítà ti kọ nípa ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ju bí mo ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí èékánná jẹ́. Kì í ṣe egungun. Èròjà kan náà tó wà nínú irun orí wa àti nínú ìwo màlúù ni wọ́n fi ṣe é. Abẹ́ awọ ní ìdí ìka ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń hù bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èékánná ọwọ́ máa ń hù tó nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lóṣù kan, tó fi jẹ́ pé ó máa ń tó oṣù mẹ́fà kó tóó pààrọ̀ ara rẹ̀ tán. Ti ẹsẹ̀ máa ń lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gba ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ William Bean, odidi ọdún 35 ló fi ń wọn bí èékánná àtàǹpàkò ara rẹ̀ ṣe ń hù, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1980. Ohun tó rí ni pé bí òun ṣe ń dàgbà sí i lèékánná náà ń fà sẹ́yìn. Ẹ wo iṣẹ́ tẹ́nì kan fi ayé ẹ̀ ṣe!

Torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń hù yìí, ìwé àkọsílẹ̀ ni. Bí àìsàn ńlá bá kọ lu èèyàn, ilé iṣẹ́ yẹn lè dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀, tí ara bá wá yá, ibi tó ti dúró yóò hàn lórí èékánná bí ìlà tó dábùú, tó jin kòtò díẹ̀. Dókítà ilẹ̀ Faransé kan, Joseph Beau, ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1846, orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì fi ń pe ìlà ọ̀hún. Bí ìlà náà bá fi mìlímítà mẹ́fà jìnnà sí ìdí èékánná, a jẹ́ pé nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá sùn sí ọsibítù láìsọ fún ìyàwó ẹ̀, kó yáa máa tọ́jú ọwọ́ ẹ̀ sí àpò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló pọ̀ jù láàárín wa. Èròjà irin tó wà nínú oúnjẹ, èyí táwọn dókítà ń pè ní áyọ́ọ̀nù, lara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Bí irin yìí bá tán lára, èékánná lè fẹ́lẹ́, kó máa kán, kó funfun lábẹ́, tó bá sì pẹ́, kó tẹ̀ wọnú bíi ṣíbí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré ni tiẹ̀ máa ń tẹ̀ o. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo èyí tó bá tẹ̀ ló jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀: tàwọn ọmọ ọwọ́ mìíràn máa ń rí bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tóó tẹ́, tàwọn mọkálíìkì tó ń fi ọwọ́ lásán kó pẹtiróòlù àti ọ́ìlì náà sì lè tẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa ń sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, èékánná kàn ń ké síni ni. Àwa tí awọ wa dúdú, kì í tètè hàn lójú pé a ti funfun, ó dáa ká wo abẹ́ èékánná, inú àtẹ́lẹwọ́ àti inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Ẹni tí yìnyín, ẹfun tàbí amọ̀ sì ń wù jẹ ṣáá náà, kó má fi ṣàwàdà bíi tiwa.

Kí ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ? Nǹkan oṣù tó ń dà jù, oyún, ìbímọ tó súnra, ibà, aràn inú, ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, tí kì í ṣe nǹkan oṣù, tí kì í bímọ, tí irin wá ń tán lára ẹ̀, dókítà ní láti wá ibi tó ń jò nínú ìfun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí báwọn èèyàn ṣe máa ń sáré lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní kẹ́míìsì, tí wọ́n á máa mu ún láti ọdún dé ọdún. Garawa tó lu ni wọ́n ń rọ omi sí. Ẹni tó bá ní àrùn fọ̀níkúfọ̀larùn sì gbọ́dọ̀ bi dókítà ẹ̀ kó tóó mu oògùn tó ní irin, torí ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra, irin lè ti pọ̀ jù lára ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì àti mílíìkì wá ńkọ́? Gbogbo wa la gbà pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀, òun la máa ń gbé lọ sí ọsibítù bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ìyá wa, àmọ́ irin inú mílíìkì kò tó nǹkan, kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀ sì máa ń dí irin lọ́nà. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ẹran màlúù àti ẹja ni ara ti ń rí irin fà jù. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà ní in, ṣùgbọ́n ara kì í tètè gbà á láti inú wọn, àfi kéèyàn fi ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí nǹkan mìíràn tó ní fítámì C tì í. Tíì wá ni ọ̀tá ẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ̀wà tán tó sì da tíì lé e lórí lójú ẹsẹ̀, ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ lé púpọ̀ nínú irin náà jáde. Kó dúró fún bíi wákàtí kan sí méjì.

Ẹ má jẹ́ n gbàgbé funfun kékeré-kékeré tó máa ń wà lójú èékánná. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, bí lékeléke bá ń fò kọjá, a máa ń na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè, à ń jó, à ń kọrin sí i pé kó fún wa ní tiẹ̀. Èyí tó bá rí funfun lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọba ni. A wá dàgbà tán, wọ́n ní kálísíọ́ọ̀mù ni kò tó lára. Àtàwa àtàwọn tó ń pariwo kálísíọ́ọ̀mù, kò sẹ́ni tó gbà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìka ló forí sọ nǹkan, tàbí tẹ́nì kan ń fi eyín gé e, ìgbà tó bá hù jáde ni àpá ẹ̀ máa ń funfun. Yóò bá èékánná hù lọ ni.

Èyí tó wá kọjá ọ̀rọ̀ oúnjẹ wà o. Ẹ kó ìka ìfábẹ̀lá yín méjèèjì, kí ẹ fi ẹ̀yìn èékánná kan ti ẹ̀yìn èkejì, kí ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó rí ihò kékeré kan láàárín wọn, níbi ìdí èékánná. Bí ihò náà bá ti di, tí orí ìka sì ń wú bí orí ọpọ́n ìlù, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀ ló ń ké, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìdílé kan wà tó jẹ́ bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Ó ti lé lẹ́gbàá ọdún tí Hippocrates ará Gíríìsì ti sọ̀rọ̀ nípa irú ìka yìí. Àmọ́ dókítà ọkàn kan ní South Africa, Leo Schamroth, ló wá àyẹ̀wò ihò yìí jáde lọ́dún 1976, nígbà tí ọkàn tiẹ̀ gan-an ń ṣàìsàn, tó ń wo bí ìka ara ẹ̀ ṣe ń yí padà.

Ìlà dúdú ńkọ́, èyí tó máa ń dúró gbọọrọ láti ìdí èékánná dé orí? Ọ̀pọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú la ní in lórí ìka bíi mélòó kan, kò sì sí wàhálà níbẹ̀. Èyí tó yẹ kó lé èèyàn dé ọsibítù ni èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí ìka kan ṣoṣo, pàápàá àtàǹpàkò ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí dúdú náà ń ràn dé ara awọ. Ẹ rántí Bob Marley. Abẹ́ èékánná ọmọ ìka ńlá ẹsẹ̀ ọ̀tún ni jẹjẹrẹ tiẹ̀ wà. Ó ti fi ẹsẹ̀ náà ṣèṣe nídìí bọ́ọ̀lù, ó rọrùn láti rò pé ọgbẹ́ bọ́ọ̀lù lásán ni. Lọ́dún 1977 tí wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ni, àwọn dókítà ní kí àwọn gé ọmọ ìka náà, ó kọ̀. Ó ti dé ọpọlọ kó tóó kú ní Miami, lọ́jọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún, ọdún 1981. Ọmọ ọdún 36 ni.

Mi ò sọ pé káwọn obìnrin má lẹ èékánná o, àwọn ọ̀rẹ́ mi ò ní í jẹ́ kí n sùn. Ṣùgbọ́n ẹ máa jẹ́ kó sinmi, kẹ́ ẹ lè rí abẹ́ ẹ̀. Àwọn tó sì ń gbé oògùn irun àti èékánná tó ní báyótíìnì mì, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tóó ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí lọ́dún 2017, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé ó lè mú kí èsì àyẹ̀wò kan jáde lódìlódì, títí kan èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkàn èèyàn ti dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gba páìǹtì ẹ̀jẹ̀ méjì, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì fún un ní oògùn tó ní irin. Láti ìdí lèékánná náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́, tí èyí tó tẹ̀ wọnú ń sún síwájú, tó ń gé e dànù díẹ̀díẹ̀. Ó lé ní oṣù márùn-ún kó tóó tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó padà lọ jókòó síwájú ọmọbìnrin yẹn. Ó ní kó má lẹ nǹkan kan, kó kàn bá òun rẹ́ ẹ, kó fi èyí tó mọ́ gaara bí omi kùn ún, kí òun ṣì lè máa rí abẹ́ ẹ̀.