Gbèsè Tí Ọmọ Aráyé Jẹ Ìnàkí

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1961, wọ́n di ìnàkí kan tó ń jẹ́ Ham mọ́ ìjókòó nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Cape Canaveral, ìpínlẹ̀ Florida. Kamẹrúùnù ni wọ́n ti mú un ní kékeré, kí iléeṣẹ́ ológun òfurufú Amẹ́ríkà tó rà á. Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́ mọ̀ ni pé, bí ara kò bá wúwo mọ́ rárá ní gbalasa òfurufú, ṣé ọpọlọ á ṣì máa ronú, ṣé ọwọ́ á ṣì máa jẹ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán an? Wọ́n ti kọ́ Ham pé bí iná bá ti tàn níwájú rẹ̀, kó fa ọ̀pá kan. Bó bá pẹ́ jù, iná mànàmáná á ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 ni ìrìn àjò náà gbà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sáré ju bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, ó sì ga ju ibi tí wọ́n fojú sí, síbẹ̀ Ham kò dẹ́kun iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ẹ̀bìbí, Alan Shepard gba ọ̀nà kan náà, ó sì di ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfurufú.

Nínú ìmọ̀ ìṣègùn náà, àǹfààní tí a rí kò kéré. Lára kíndìnrín ọ̀bọ ni dókítà Jonas Salk ti tọ́ kòkòrò àrùn tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1955. Íńdíà ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀bọ náà ti wá, títí ìjọba ibẹ̀ fi fòfin de kíkó wọn lọ sókè òkun ní 1978. Ìnàkí náà ni dókítà Harvey Alter lò láti fi hàn pé kòkòrò kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ẹ̀dọ̀ kan. Ní 1989 ni wọ́n dá a mọ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní hepatitis C. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé gbèsè wà lọ́rùn wa. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Àwọn kan á ní ẹ̀mí èèyàn ju ẹ̀mí ẹranko lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí lè sọ ìdí tí a fi lò wọ́n. Kò lè sọ ìdí tí a fi pa wọ́n tì lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí. Shepard mọ ohun tó ń lọ ṣe, ó sì fẹ́ ẹ; kò sẹ́ni tó bi Ham. Ìnàkí kejì, Enos, yí ayé ká lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù Bélú ọdún yẹn kan náà. Ẹ̀rọ bàjẹ́ lójú ọ̀nà, iná ń ta á bó tilẹ̀ ń ṣe é bó ṣe yẹ, kò sì dáwọ́ dúró. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ìgbẹ́ ọ̀rìn pa á. Ọdún 17 ni Ham lò ní ọgbà ẹranko Washington, níbi tó ti dá gbé, kí wọ́n tó mú un lọ sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina ní 1980. Ó kú ní 1983. Àwọn ìnàkí míì tí iléeṣẹ́ ológun náà ní, wọ́n yá wọn fún àwọn ilé ìwádìí.

Àtakò kejì lágbára jù: wọ́n ní kò sí ọ̀nà míì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n ó yẹ ká máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Nígbà tí àjọ Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò ní 2011, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ń fi ìnàkí ṣe kò pọn dandan mọ́. Ní 2015, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fòpin sí i pátápátá. Ẹ wo ìyẹn: dandan àná ti di àṣejù lónìí. Ní ti ìtọ́jú wọn, àwọn ẹlẹ́yinjú àánú ló dá ẹgbẹ́ Save the Chimps sílẹ̀ ní 1997 láti gba àwọn ìnàkí ológun tó kù sílẹ̀, owó ìtọrẹ ni wọ́n sì fi ń bọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ní ti ọ̀bọ, wọ́n ṣì ń lò wọ́n títí di òní. A lò wọ́n fún abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀bọ ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé kò sí ọ̀nà míì, kó sì ya owó ìtọ́jú rẹ̀ títí dọjọ́ ikú sọ́tọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè san ìyẹn, kó má bẹ̀rẹ̀.