Kí Ejò Ṣáà Má Lọ: Ìdọ́gba Takọtabo àti Ìwà Ọ̀daràn ní Ìlú Ńlá

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn ní ìlú ńlá bí Èkó àti Ìbàdàn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa ni ọlọ́pàá, ọlọ́dẹ àti géètì tí a ń tì ní òru. A kì í sábà ronú kan bí a ṣe ń tọ́ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí pé, bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà má lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí ìdọ́gba takọtabo ṣe ń bá wa pa ejò yìí, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ìdọ́gba kò túmọ̀ sí pé kí obìnrin di ọkùnrin, tàbí kí aya má bọ̀wọ̀ fún ọkọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí iyì, ẹ̀kọ́ àti òfin kan náà wà fún àwọn méjèèjì. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ àjèjì. Ìwé Númérì orí 27 sọ nípa àwọn ọmọbìnrin Selofehadi márùn-ún, tí wọ́n dúró níwájú Mósè láti béèrè ogún baba wọn, tí Olúwa sì dá wọn láre. Nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ọmọbìnrin a máa jogún baba rẹ̀, Ìyálóde sì ní ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú.

Púpọ̀ nínú ìwà ipá tí ó ń bá obìnrin, ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ni ó ti ń wá. Obìnrin tí owó oúnjẹ àti owó ilé rẹ̀ ń ti ọwọ́ ẹni tí ń lù ú wá yóò ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹjọ́ tí a kò sì fi sùn, adájọ́ kò lè dá a. Ẹni tí a kò bá wí yóò tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí ọmọbìnrin ní jẹ́ ara ètò ààbò ìlú.

Òfin náà ti ń tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 2007 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé. Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015, tí a ṣe fún Àbújá, ka ìfìyàjẹ opó àti lílé ẹni jáde nílé pẹ̀lú ipá sí ìwà ọ̀daràn. Ó sì gbà pé a lè fipá bá ọkùnrin náà lò pọ̀. Ìdọ́gba ń dáàbò bo ọmọkùnrin pẹ̀lú. Láti ọdún 2013 ni Mirabel Centre ti wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí a fipá bá lò pọ̀ láìgba owó. Ṣùgbọ́n òfin kò rí ọ̀nà gbà níbi tí ẹbí bá ti ń wí pé, “Ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ nílé.”

Apá kan ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọkùnrin wa. Nínú gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà, obìnrin kò tó 5 nínú 100. Kí ló fà á? Bí ọmọbìnrin bá wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo ilé ni yóò béèrè ibi tí ó ti ń bọ̀; bí arákùnrin rẹ̀ bá wọlé ní aago mọ́kànlá, oúnjẹ ni a ó gbé fún un. Inú àìbéèrè yẹn ni ẹgbẹ́ òkùnkùn ti ń rí ọmọ mú. Bí ó bá sì ti ń rí i tí baba ń na ìyá, ó ti kọ́ pé ẹ̀ṣẹ́ ni a fi ń parí ọ̀rọ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

N kò wí pé ìdọ́gba nìkan yóò parí ìwà ọ̀daràn. Àìríṣẹ́ṣe, oògùn olóró àti ìbọn wà níbẹ̀. Àwọn ọkọ kan tilẹ̀ wà tí ìbínú wọn ń pọ̀ sí i nígbà tí aya bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí owó. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí a kọ́ ọmọbìnrin nìkan. A gbọ́dọ̀ tọ́ ọmọkùnrin tí yóò lè bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ gbé.

Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin gbálẹ̀, kí ó sè, kí ó sì jíhìn ìrìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí arábìnrin rẹ̀. Bí ọmọ bá wá sọ fún yín pé a fipá bá òun lò pọ̀, ẹ fetí sí i. Ẹ má ṣe wẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe fọ aṣọ rẹ̀, nítorí ẹ̀rí wà lára wọn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wákàtí 72 tó kọjá, nítorí oògùn tí ń dènà kòkòrò HIV kò wúlò lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ Olúwa, ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà pẹ̀lú ẹbí náà, kí a sì bá wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìbáà ṣe ọmọ ìjọ wa ni afẹ̀sùnkàn náà. Kí Ọlọ́run bùkún ilé ẹ̀kọ́ wa.