Ìdarí ìṣẹ̀lẹ̀ nínú display server

Display server ni sọ́fítíwíà tí ó ń to fèrèsé àwọn ètò sí ojú kọ̀ǹpútà. Òun náà ni ó ń pinnu ètò tí yóò gba ìròyìn nígbà tí òǹlò bá tẹ bọ́tìnnì tàbí tí ó bá sún máùsì. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ìṣẹ̀lẹ̀. Lórí Linux, ìlànà méjì pàtàkì ni ó wà fún pípín in: X Window System àti Wayland.

Ìrìn ìṣẹ̀lẹ̀

Kernel Linux ni ó kọ́kọ́ ń gba ìṣẹ̀lẹ̀ láti ọ̀dọ̀ kíbọ́ọ̀dù àti máùsì. Nípasẹ̀ evdev, ó ń gbé e sínú àwọn fáìlì tí ó wà ní /dev/input. Lóde òní, libinput ni ó sábà máa ń kà wọ́n. Ó ń túmọ̀ ìrìn ìka lórí touchpad, ó sì ń yọ ìfọwọ́kàn tí àtẹ́lẹwọ́ ṣèèṣì ṣe kúrò. X àti Wayland ni ó lè lò ó.

X

X bẹ̀rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1984. X11 jáde ní ọdún 1987. Nínú rẹ̀, ètò kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó fẹ́ gbọ́. Nítorí èyí, ètò kan lè gbọ́ bọ́tìnnì tí a tẹ̀ fún ètò mìíràn, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà. Ètò kan tún lè gba ìdarí kíbọ́ọ̀dù àti máùsì sọ́wọ́ ara rẹ̀ nìkan. Bí àkójọ àṣàyàn kan bá ṣí sílẹ̀ tí ó sì dì wọ́n mú báyìí, ètò tí ó yẹ kí ó ti ojú kọ̀ǹpútà pa lè má ríṣẹ́ ṣe.

Wayland

Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ Wayland ní ọdún 2008. Níbẹ̀, compositor ni display server. Nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó to fèrèsé, ó mọ èyí tí atọ́ka wà lórí rẹ̀, ètò tí ó ni fèrèsé náà nìkan ni ó sì ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ ránṣẹ́ sí.

Èrè àti àdánù

Ìlànà Wayland dí ọ̀nà mọ́ amí, ṣùgbọ́n ó ni àwọn ètò mìíràn lára. Kíbọ́ọ̀dù ojú kọ̀ǹpútà, ètò tí ń ran àwọn akàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ àti ètò ìdarí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn nílò láti gbọ́ tàbí láti ṣẹ̀dá ìṣẹ̀lẹ̀. Lábẹ́ X, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún wọn. Lábẹ́ Wayland, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́dọ̀ compositor, compositor gbogbo kò sì fàyè gba ohun kan náà.

Ìyàtọ̀ yìí kò kan bí bọ́tìnnì ṣe ń di lẹ́tà. Àtẹ bọ́tìnnì XKB ni méjèèjì ń lò, àtẹ Yorùbá tí ó wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú rẹ̀ sì wúlò fún méjèèjì.